Kìkì Akọ Nínú Gíláàsì Bàbá: Àkọsílẹ̀ Ẹja Kribensis Kan ní Ìkòròdú

Ẹni tó ni ẹja tí mo fẹ́ kọ̀wé lé lórí yìí jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkòròdú. Bàbá ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ lèmi náà á ṣe máa pè wọ́n níbí. Gíláàsì ẹja kan ṣoṣo ló wà ní pálọ̀ wọn, ó gba omi bíi lítà 200. Takọtabo kan ló ń gbé inú rẹ̀, irú ẹja ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní kribensis. Abo ti yé ẹyin lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ sì yè dáadáa lẹ́ẹ̀mejèèjì. Inú Bàbá dùn títí àwọn ọmọ fi dàgbà débi tí èèyàn ti lè mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Ìgbà náà ni wọ́n rí i pé akọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wọ owó, torí ẹni tó ti ṣèlérí pé òun á ra ẹja lọ́wọ́ Bàbá ní méjì-méjì lòun fẹ́ ẹ, akọ kan abo kan. Akọ nìkan ò wúlò fún un, kò sì sí bí ì bá ṣe wúlò. Ẹ kó akọ kribensis mẹ́ta sínú gíláàsì kékeré kan, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n á ti fa lẹ́bẹ́ ara wọn ya, èyí tó kéré jù á sì ká jọ sí igun kan lókè omi, kò ní lè jẹun. Ẹlòmíràn tó ń ta ẹja ti sọ fún Bàbá pé abo tí wọ́n ní ni kò dáa, kí wọ́n tà á dànù kí wọ́n ra òmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn tí Bàbá kọ́ níwèé rí, tó mọ̀ pé iṣẹ́ ẹja ọ̀ṣọ́ ni mo ń ṣe, ló ní kí wọ́n ṣe sùúrù kí n kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

Kí n sọ díẹ̀ nípa ẹja náà. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì ni Pelvicachromis pulcher, George Albert Boulenger ló sì kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1901. Ìbátan epìyà tí à ń jẹ ni, ẹbí síklíìdì kan náà ló kó àwọn méjèèjì mọ́ra. Ọmọ ilẹ̀ wa ni pẹ̀lú. Inú omi gúúsù Nàìjíríà ló ti wá, ní agbègbè Niger Delta, títí dé etíkun Kamẹrúùnù. Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń tà káàkiri ayé, oko ẹja ni wọ́n ti sìn ín, ní Éṣíà pàápàá. Ó máa ń dùn mí pé ẹja tó jáde látinú odò wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ọ́n, tí èèyàn á sì máa rò pé òyìnbó ló ni ín.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Bàbá, mi ò kọ́kọ́ bá wọn jiyàn kankan. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo àwọn ọmọ náà fúnra mi, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ẹja tí wọ́n ń pè ní akọ kò tíì dàgbà ni. Abo kribensis kúrú, ó sì ki. Ìpẹ̀kun lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń rí roboto. Tó bá ti tó àkókò, ikùn rẹ̀ á pọ́n dòdò, àwọ̀ omi ìṣápá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè gan-an. Akọ gùn jù ú lọ, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà 10 tàbí kó lé díẹ̀. Lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ṣóńṣó lọ sí ìrù, àárín ìrù náà sì yọ síta. Mo fi àwọ̀n kó wọn sínú ike díẹ̀díẹ̀, èmi àti Bàbá sì ń kà wọ́n. Àwọn tó kù lọ́wọ́ wọn jẹ́ 47. Abo ò ju 5 lọ níbẹ̀.

Bàbá wò mí. "Ṣé o rí i báyìí? Abo yìí ni kò dáa àbí?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká ṣì fi tiẹ̀ sílẹ̀ ná."

Ohun mẹ́ta ló yẹ ká kọ́kọ́ mú kúrò. Àkọ́kọ́ ni oúnjẹ. Àwọn tó ń sin epìyà fún títà máa ń fi họ́mónù kan, methyltestosterone, pò mọ́ oúnjẹ ọmọ ẹja kó lè di akọ, torí akọ epìyà máa ń yára tóbi ju abo lọ. Bàbá ń ra oúnjẹ lọ́dọ̀ ẹnìkan tó ní oko epìyà, ìdí nìyẹn tí mo fi bi wọ́n léèrè dáadáa. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ni wọ́n ń fún ní oúnjẹ họ́mónù, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ̀yà akọ tàbí abo tó dúró lára rẹ̀. Àwọn ọmọ kribensis Bàbá ò jẹ oúnjẹ oko yẹn rárá nígbà yẹn. Ẹyin sísè ni wọ́n ń rún fún wọn. Nígbà tí oúnjẹ oko fi máa dé, ọ̀rọ̀ akọ àti abo ti parí lára wọn.

Ìkejì ni ooru. Nínú epìyà, tí omi bá gbóná tó 36°C nígbà tí ọmọ ṣì kéré, akọ máa ń pọ̀. Ilé Bàbá tutù, tẹmómítà ara gíláàsì sì wà ní 27°C ní ọ̀sán gangan. Ìkẹta ni pé bóyá abo ló ń kú tí akọ ń ṣẹ́kù. Bàbá kì í ṣe ẹni tí í gbàgbé nǹkan. Wọ́n ní ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ iye òkú sí, àwọn tó kú sì kéré gan-an. Bí gbogbo òkú yẹn bá tiẹ̀ jẹ́ abo, kò ní tó láti fa irú ìyàtọ̀ yìí.

Omi ló wá kù.

Mo bu omi gíláàsì sínú ìgò kékeré tí à ń lò fún àyẹ̀wò, mo kán èròjà pH sí i, mo mì í. pH ni òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe rẹlẹ̀ tó ni omi kan tó. Omi tó bá wà ní 7 máa ń di àwọ̀ ewé. Èyí pọ́n bí yẹ́lò lójú ẹsẹ̀, yẹ́lò ni ó sì jẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá fún èròjà yẹn: 6, tàbí kó rẹlẹ̀ sí i. Mo wá ki irinṣẹ́ oníbátìrì bọ̀ ọ́, ó kọ 5.4. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ síbi tẹ́ẹ̀pù. Omi bòhólù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kọ 5.1. A bu omi yẹn kan náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, a fi páìpù afẹ́fẹ́ sí i títí ilẹ̀ fi mọ́, ó gòkè díẹ̀, 5.7. Èyí tó gòkè yẹn jẹ́ nítorí pé omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń gbé gáàsì kábọ́ọ̀nù jáde, gáàsì yẹn sì máa ń mú un kan. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ ẹ, gáàsì á sá lọ. Ṣùgbọ́n ní ti omi yìí, kì í ṣe gáàsì nìkan. Abẹ́ ilẹ̀ Èkó àti agbègbè rẹ̀ jẹ́ yanrìn, òkúta ẹfun ò pọ̀ níbẹ̀ tí í dẹ́kun kíkan. Omi bòhólù kíkan wọ́pọ̀ níbẹ̀, kódà àwọn tó ní irin tó ń dípẹtà lára páìpù wọn mọ ohun tí mò ń sọ.

Omi gíláàsì wá tún kan ju omi tó sun bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń di amóníà, bakitéríà inú fíltà á sọ amóníà di náítíráìtì, á sì sọ náítíráìtì di náítíréètì. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni wọ́n ń tu kíkan sínú omi. Omi tí kò ní ẹfun tó máa pa kíkan yẹn á máa lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti lọ sísàlẹ̀ ju 6 lọ, bakitéríà náà á rẹ̀, iṣẹ́ wọn á falẹ̀. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò amóníà fi fi hàn pé ó wà nínú gíláàsì Bàbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja ń jẹun.

Èyí tó jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ ni pé nínú kribensis, ohun tó ń sọ ọmọ di akọ tàbí abo kò parí nígbà tí ẹyin bá gba àtọ̀. Omi tí ẹyin àti ọmọ kékeré wà nínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ ń dá sí i. Omi tó bá kan máa ń mú akọ pọ̀. Omi tó bá sún mọ́ 7 máa ń mú abo pọ̀. Àwọn tó ṣe ìwádìí lórí pH àti ẹja yìí ti fi hàn bẹ́ẹ̀, àwa tá à ń sìn ín náà sì ń rí i lójoojúmọ́. Nínú odò rẹ̀ gan-an, apá òkè odò máa ń kan ju apá ìsàlẹ̀ lọ níbi tí omi òkun ti ń dà pọ̀ mọ́ ọn, torí náà kò yẹ kó yani lẹ́nu pé irú ẹja yìí á mọ bí á ṣe tẹ̀lé omi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra abo tuntun lẹ́yìn abo tuntun nítorí pé akọ ń pọ̀, owó yín lẹ ń sọ nù. Nínú omi Bàbá, abo mìíràn náà á bí akọ ni.

Bàbá ní àwọn ti gbọ́, kí n jẹ́ kí àwọn da ẹfun sí i lónìí kí ó lè tán. Mo dá wọn dúró. Ó ṣe pàtàkì kí n ṣàlàyé èyí kí ẹlòmíràn má bàa pa ẹja rẹ̀. Nínú omi kíkan, amóníà máa ń wà ní ìrísí tí kò fi bẹ́ẹ̀ lè ṣe ẹja ní nǹkan. Bí pH bá ṣe ń gòkè ni ó ń padà di èyí tó ń pani, pH tó bá fi ipele kan gòkè máa ń mú apá olóró rẹ̀ pọ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹni tó bá gbé omi gíláàsì tó ní amóníà láti 5.4 dé 7.5 ní ọ̀sán kan ṣoṣo, ẹja lè ti máa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí alẹ́ tó lẹ́. Amóníà ni kí ẹ kọ́kọ́ lé, kẹ́yin tó wá gbé pH sókè.

Nítorí náà, lọ́jọ́ kìíní, ohun tí a ṣe kò ju pé a fa ìdá kan nínú mẹ́rin omi jáde tí a sì fi èyí tó ti gba afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀, a fa ìdọ̀tí orí yanrìn pẹ̀lú. A tún ṣe é lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, a dín oúnjẹ kù. Nígbà tí àyẹ̀wò amóníà dé òdo ni a mú ìkarahun, tí ẹfun wà nínú rẹ̀, bọ̀ ọ́. Irú tí wọ́n ń lọ̀ sí oúnjẹ adìẹ tó ń yé ẹyin ni a lò, ó wà ní gbogbo ilé ìtajà oúnjẹ adìẹ, kò sì wọ́n rárá. A fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́, a dì í sínú àpò àwọ̀n, a gbé e síbi tí omi fíltà ti ń kọjá. Ìkarahun dára fún irú iṣẹ́ yìí ju kẹ́míkà àdàpọ̀ lọ ní tèmi, torí bí omi bá ṣe kan tó ni ó ń yọ́ tó. Tí omi bá ti sún mọ́ 7, yíyọ́ rẹ̀ á falẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má bu púpọ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan la fi bẹ̀rẹ̀, Bàbá sì ń wọn pH láràárọ̀ nínú ìwé wọn. Omi bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń pààrọ̀ náà ni wọ́n ń fi ìkarahun díẹ̀ sí kó tó wọlé. Ó gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wá jókòó láàrin 6.7 àti 6.9.

Fíltà tí Bàbá ń lò tẹ́lẹ̀ dára, kìkì pé iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń pa agbára rẹ̀. Bakitéríà inú fíltà nílò afẹ́fẹ́. Tí omi ò bá yí lára wọn fún wákàtí púpọ̀, wọ́n á kú. A fi fíltà fóòmù kan kún un, tó ń lo pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ tí iná bá lọ.

Mo tún ní kí wọ́n pààrọ̀ ihò. Inú àgékù páìpù ńlá ni abo ń yé ẹyin sí tẹ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ jù, ẹja méjèèjì ń fi ìgbà gbogbo ṣọ́ ẹnu ọ̀nà méjì. A da èèpo àgbọn tó ti gbẹ bolẹ̀, a gé ẹnu kékeré kan sí i, tó gba akọ pẹ̀lú wàhálà díẹ̀. Kribensis fẹ́ràn ẹnu ọ̀nà tóóró, ara wọn máa ń balẹ̀ síbẹ̀.

Kò pẹ́ tí ikùn abo fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Nínú ẹja yìí, abo ló máa ń lọ bá akọ. Á lọ dúró síwájú rẹ̀, á tẹ ara rẹ̀ kọ́rọ́, á yọ ikùn síta, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Akọ á ṣe bí ẹni pé kò rí i, abo á tún lọ bá a. Lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kó yanrìn jáde nínú ihò ní ẹnu kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tu ú dànù sí iwájú èèpo títí òkìtì kékeré fi wà níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ kan, abo ò jáde mọ́. Bàbá fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yọjú, wọ́n rí ẹyin lára òrùlé èèpo àgbọn, pupa rẹ́súrẹ́sú, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò ju mílímítà 2 lọ. Abo ń fi lẹ́bẹ́ fẹ́ atẹ́gùn omi sí wọn lára. Èyí tí kò gba àtọ̀ máa ń funfun, á bu, abo á sì mú un kúrò kó má baà ran àwọn tó kù. Akọ dúró síta, ó ń lé ọwọ́ Bàbá pàápàá tí wọ́n bá fẹ́ nu gíláàsì.

Ní 27°C, ẹyin máa ń pa ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó jáde kò tíì lè wẹ̀. Á máa jó ní ìsàlẹ̀ ihò, á máa jẹ pupa ẹyin tó wà níkùn rẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni abo kó gbogbo wọn jáde. Bí ọ̀kan bá sá lọ, ìyá tàbí bàbá á fi ẹnu gbé e, á tu ú padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, abo á pè wọ́n wọ ihò. Nítorí èyí ni mo fi ní kí Bàbá má máa pa iná gíláàsì lójijì lálẹ́. Kí wọ́n jẹ́ kí iná pálọ̀ wà fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òkùnkùn òjijì máa ń bá ọmọ níta, ìyá ò ní rí wọn kó.

Oúnjẹ ni a yí padà jù nígbà yìí. Ẹyin sísè máa ń ba omi jẹ́, ọmọ tí kò jẹ ẹ́ tán á sì wà nínú ìdọ̀tí rẹ̀. Mo ní kí Bàbá lọ bá àwọn tó ń sin ọmọ ẹja àrọ̀ lágbègbè wọn, wọ́n á ní Artemia, ẹ̀dá omi iyọ̀ tín-ín-tín kan tó jọ edé. Ẹ bu ẹyin rẹ̀ díẹ̀ sínú omi iyọ̀, ẹ fi afẹ́fẹ́ sí i, lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 24 ó ti pa. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tó fún ọmọ. Ikùn ọmọ tó ti jẹ ẹ́ máa ń pọ́n lójú ẹsẹ̀, torí náà ẹ á mọ ẹni tó yó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, díẹ̀díẹ̀. Láti mílímítà 5 tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wẹ̀, wọ́n ti lé ní sẹ̀ǹtímítà kan lẹ́yìn oṣù kan. Oúnjẹ oko epìyà tí Bàbá ní tẹ́lẹ̀ kò tíì wọlé rárá.

Ìdàgbà ọmọ síklíìdì kì í ṣe ti oúnjẹ nìkan. Bí wọ́n bá pọ̀ jù nínú omi kan, tí a kò sì pààrọ̀ omi náà, àwọn ńláńlá á máa lé àwọn kékeré kúrò níbi oúnjẹ, kékeré á sì dúró kékeré títí láé. Nígbà tí abo tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ikùn, tí òun àti akọ ń lé àwọn ọmọ wọn, Bàbá kó wọn lọ sínú ike ńlá méjì, wọ́n pín wọn gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n. Wọ́n ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó hàn lára wọn.

Láàárín oṣù kẹta, ikùn díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. A dúró díẹ̀ sí i kó má baà jẹ́ pé ojú ń tan wá jẹ, lẹ́yìn náà a kà wọ́n. Nínú 61 tó yè, 34 jẹ́ abo. Ọmọ ẹyin kan ṣoṣo kò tó láti fi gbogbo ọ̀rọ̀ dá, ṣùgbọ́n ìyá àti bàbá kan náà ló bí wọn, pálọ̀ kan náà ni, ooru kan náà; oúnjẹ tí a yí padà kò lè sọ ọmọ di akọ tàbí abo. Ọmọ tó tẹ̀lé wọn náà ní abo tó pọ̀. Abo tí wọ́n ní kí Bàbá tà dànù ṣì wà níbẹ̀, òun ni ìyá gbogbo wọn.

Èyí tó kù fún Bàbá ni pé takọtabo tí wọ́n ń tà báyìí jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ lásán kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ máa sìn ín lọ yẹ kó gba akọ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn kí ẹ̀jẹ̀ má bàa máa padà sórí ara rẹ̀. Bàbá ti ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà wọn bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n fẹ́ kó pa mọ́ fún ara wọn, wọ́n ti fi akọ díẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹnìkan tó ń sin irú ẹja náà ní Abẹ́òkúta, àpò ìkarahun náà ni wọ́n sì ń yẹ̀ wò ní oṣooṣù, èyí tó bá ti yọ́ tán ni wọ́n ń fi òmíràn rọ́pò.